Aṣọ Tí A Tẹ́ Fún Ẹmọ́ Òyìnbó

Ọ̀sán Sátidé kan ni, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, òjò sì ti ń rọ̀ ní Ìkọ̀tún láti òwúrọ̀. Ẹmọ́ òyìnbó, eku aláìnírù méjì tí ọmọbìnrin mi ń sìn, ń sín ṣáá nítorí èérún igi tí a tẹ́ sínú àgò wọn.

Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, mo gbé àǹfààní àti àléébù ohun méjì tí a lè tẹ́ fún wọn yẹ̀ wò. Èérún igi ṣeé kó dànù, ṣùgbọ́n ó ń bà wọ́n nímú jẹ́. Aṣọ ṣeé fọ̀, bí ó tilẹ̀ ṣòro láti gbẹ nínú òjò. Mo yan aṣọ.

Ìyá ìyàwó mi, tí ó wá kí wa láti Èkìtì, fa ògbólógbòó ìró kan yọ láti ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀.

“Ẹ gbà, ọkọ ọmọ mi. Àwa ń sùn lórí ẹní, eku ń sùn lórí àǹkárá!”

Mo tẹ́ ẹ sínú àgò. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ọ̀kan nínú wọn, abo tó lóyún, ti ń mí lókèlókè. Káńfọ̀ tí ìyá ìyàwó mi fi sáàárín aṣọ nínú àpótí nítorí kòkòrò ló fà á. Òórùn rẹ̀ ti mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí a fi kà á sí òórùn aṣọ mímọ́. Mo yọ aṣọ náà kíá, mo sì gbé ẹran náà sí ẹnu ọ̀nà kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i.

“Dádì, kò ní kú ṣá, àbí?”

Ọmọbìnrin mi ló bi mí bẹ́ẹ̀.

Abo náà kú. Koríko gbígbẹ ni a ń tẹ́ fún akọ láti ìgbà náà; bí ó bá ti rin, a ó kó o dànù.