Àwòrán Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn Ìkẹyìn

Ìyá mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, mi ò dúró kí agbẹ̀bí wọ ìbọ̀wọ́ tán. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ara mi kì í gbélẹ̀, ẹnu mi náà kì í sì í gbélẹ̀. Tí a bá fẹ́ se ẹran nílé wa ní Agbowó, àwọn ará ìsàlẹ̀ á ti gbọ́ kí ìkòkò tó gbóná, nítorí pé èmi ni mo máa sọ fún wọn. Mi ò kà á sí òfófó. Lójú mi, ọ̀rọ̀ tó bá ti wọ etí ń wá ibi tí yóò gbà jáde ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ ká jọ pín nínú ikùn ìyá wa, èmi nìkan ni mo kó o lọ. Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá méjì òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: ìyá wa, òun, àti èmi. Bàbá wa ti kú tipẹ́. Ọdún tí mò ń sọ yìí, àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi wá ń gbélé. Èmi náà ti parí ìwé mẹ́wàá, mò ń retí èsì ìdánwò, ìretí sì ni ohun tí mi ò mọ̀ ọ́n ṣe rárá láyé mi. Mo máa ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, màá tún sọ̀ kalẹ̀, láìsí ohun tí mo fẹ́ mú.

Ẹ̀gbọ́n mi máa ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ring Road. Èyí tó bá ti kú pátápátá, wọn á ní kó máa gbé e lọ. Nínú òkú bíi mélòó kan ló ti to ọ̀kan tó ń mí pọ̀. Kò ní ìdérí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, fáànù orí tábìlì la sì fi ń fẹ́ ẹ bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Eré kan wà lórí rẹ̀ tí àwọn ará òkè-òkun ṣe. Ẹnì kan tó wọ aṣọ irin ló ń rìn kiri nínú ihò abẹ́ ilẹ̀. Á máa fò láti orí òkúta kan dé orí òmíràn, á máa wá nǹkan, ohun tó bá sì rí níbí ni yóò jẹ́ kó lè wọ ibòmíì. Láti ìgbà ọyẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ti tú eré yìí palẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti máa ń jókòó ti àwọn nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, á yí ọ̀kan padà, á wò ó, á tún yí òmíràn. Nígbà tó fi máa ṣe tán, eré náà ti di ọmọ Agbowó. Àwọn ihò náà ti pọ́n bíi páànù tó dípẹtà. Ohun tó ń fún ẹni náà lágbára ti di kẹ́ẹ̀gì omi aláwọ̀ ìyeyè, irú èyí tí gbogbo wa ń gbé kiri àdúgbò. Ìbọn rẹ̀ ti di kànnàkànnà. Bàtà tó fi ń fò ga ti di bàtà rọ́bà bàbá onílé wa. Ó sì ti kó gbogbo wọn kúrò níbi tí mo mọ̀ wọ́n sí, ó lọ fi wọ́n pamọ́ síbòmíì.

Ó wá sọ fún mi pé àwòrán kan wà ní ìparí rẹ̀.

"Wàá kó gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀ láìku ẹyọ kan," ló wí, "o ò sì gbọdọ̀ lò ju wákàtí méjì lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀kùn ìkẹyìn ò ní ṣí. Mo ti yọ gbogbo ibi ìsinmi tó ń rántí ibi téèyàn dé kúrò. Ìjókòó kan ṣoṣo ni."

"Bọ̀dá, kí ló wà nínú àwòrán náà?"

"Òun ni mo kọ́kọ́ yà, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ẹ̀."

"Mi ò bi yín nígbà tẹ́ ẹ yà á. Mo ní kí ló wà níbẹ̀."

Ó yí fáànù sí kọ̀ǹpútà dáadáa. Ó ní kí n rí i pé mo rí i kó tó di ọjọ́ Àìkú, torí pé ọjọ́ náà ni òun máa gbé kọ̀ǹpútà lọ fún ọ̀rẹ́ òun kan ní Baṣọ̀run tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Ajé la wà nígbà náà. Láti ìgbà yẹn ni oorun ti ń sá fún mi.

Mo yọ álímánáákì ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wa ti ọdún tó kọjá lára ògiri, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, mo sì ya gbogbo ihò náà sẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ kọ́ ni kéèyàn kó gbogbo nǹkan. Ẹni tó bá ní sùúrù á kó o tán nígbà tó bá wù ú. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kéèyàn mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ mú, kó má baà gba ojú ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀mejì. Tí mo bá kọ́kọ́ lọ mú bàtà rọ́bà, mo ti fi kànnàkànnà sílẹ̀ lódìkejì. Tí mo bá kọ́kọ́ mú kànnàkànnà, ibi gíga mẹ́ta ni mo máa wò tí mi ò ní lè dé. Mo máa ń pa ọ̀nà kan rẹ́, màá fa òmíràn, màá dìde rìn yí yàrá ká, màá padà wá pa ìyẹn náà rẹ́.

Ìgbà tí mo bá ìyá mi lọ sí ọjà Bódìjà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjà náà pàápàá di ihò mọ́ mi lójú. Mò ń ṣírò bóyá ká gba ọ̀dọ̀ aláta kọjá ká tó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́lùbọ́, àbí ká lọ yí po. Ìyá mi ra ata gbígbẹ àti èlùbọ́ ju bí a ṣe ń jẹ ẹ́ lọ. Mo bi í pé ta ló fẹ́ jẹ gbogbo èyí. Ó ní ọjà ń wọ́n sí i lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí Dùgbẹ̀, ó sì gbé súwẹ́tà kan tó nípọn dé nínú ooru tó ń mú wa. Ó ní aṣọ ìṣọ́ òru ni. Mo fẹ́ bi í pé ìṣọ́ òru wo ni wọ́n ti ń wọ súwẹ́tà ọkùnrin, ṣùgbọ́n ọ̀nà ihò ló wà lórí mi, ni mo bá yáa padà sídìí álímánáákì mi.

Gbogbo ọ̀nà tí mo fà ló pẹ́ jù, àfi ẹyọ kan. Ọ̀nà náà gba inú yàrá kan tí omi ń kún díẹ̀díẹ̀. Tí ẹni inú eré bá dúró sójú kan lórí pákó tó wà nísàlẹ̀, tí kò mira, omi náà á gbé e dé òkè, á sì yọ sí ibi tí kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin wà. Tó bá fò pẹ́nrẹ́n, pákó á dojú dé, yóò sì lọ fi ẹsẹ̀ rìn yí gbogbo ihò ká. Gbogbo ìgbà tí mo gbìyànjú rẹ̀ ni mo ń fò. Mo mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ fò, àtàǹpàkò mi náà mọ̀ ọ́n, a kàn jọ ń fò ni.

"Dúró jẹ́ẹ́," ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń wí lẹ́yìn mi. "Omi ń bọ̀."

"Ó ń pẹ́ jù."

"Tìrẹ ló ń yá jù."

Lọ́jọ́bọ̀, mo pinnu pé màá gba ọ̀nà gígùn, ṣùgbọ́n màá sáré nínú rẹ̀. Iná wà. Mo sáré débi pé ọwọ́ mi ń làágùn. Ó ku kẹ́ẹ̀gì méjì péré, àkókò ṣì wà nílẹ̀, nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Gílóòbù pọ́n bí iná àtùpà, ojú kọ̀ǹpútà sì ń sún kì.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bàbá onílé wa níbí. Wáyà mẹ́ta ló ń gbé iná wá sí àdúgbò wa, féèsì la máa ń pè wọ́n. Ìgbà míì, ọ̀kan á kú, ọ̀kan á máa ṣe bí aláìsàn, ẹ̀kẹta á mọ́lẹ̀ rekete. Bàbá onílé ló fi ara rẹ̀ joyè ẹni tó ń yọ fíúsì gbogbo wa kúrò lórí èyí tí kò dáa sórí èyí tó dáa. Á wọ bàtà rọ́bà rẹ̀, á mú igi gbígbẹ lọ́wọ́, kò sì ní bi ẹnikẹ́ni, torí pé ta ni yóò kọ iná tó dáa? Oore ni. Ó sì fẹ́ràn ìyá mi nítorí pé opó ni, tiwa ló máa ń kọ́kọ́ ṣe.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀: "Ẹ má mikàn lókè, mò ń fún yín níná tó dáa bọ̀."

Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti yá ju ẹnu mi lọ. Gbogbo nǹkan ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà iná dé, ó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé a ò bá ara wa pàdé rí.

"Ṣé ó ti mọ́lẹ̀ dáadáa?" ni bàbá ń bi wá.

"Ó ti mọ́lẹ̀, bàbá," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Ẹ ṣé gan-an, sà."

Mo sunkún. Inú ló ń bí mi, mi ò sì rí ẹni tí màá bínú sí. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀. Nígbà tí ìyá mi lọ tán, mo ní kó kúkú ṣí àwòrán náà fún mi, ṣebí òun ló yà á.

"Tí mo bá fi hàn ọ́, èmi ni mo sọ," ló wí. "Tó o bá fọwọ́ ara ẹ débẹ̀, èmi ò sọ nǹkan kan."

Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Mo ní ó ti pẹ́ jù nídìí nọ́ńbà, orí rẹ̀ ti yí.

Wọn ò mú iná wá rárá lọ́jọ́ Ẹtì. Mo rìn láti iwájú ilé dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì, mo rìn padà, mo tún lọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló wá kù.

Iná dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyá mi, tó máa ń pe eré yìí ní iṣẹ́ ọ̀lẹ, ló ń dín ẹja nígbà náà. Ó wò wá, ó sọ ẹja kalẹ̀, ó bu díẹ̀ sáwo, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá bàbá onílé. Mo gbọ́ tó ń sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tó bá tiẹ̀ wálẹ̀ lónìí, ẹ bá wa fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ń ṣe nǹkan." Ó wá fìdí kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bàbá lórí bẹ́ǹṣì, lábẹ́ àpótí fíúsì gan-an, ó ń bá a tàkúrọ̀sọ. Ó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mi ò ní àyè ìyàlẹ́nu.

Mo gba ọ̀nà kúkúrú. Nígbà tí mo dé yàrá olómi, mo gbé ẹni náà sórí pákó, mo sì gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí bọ́tìnnì. Mo ká wọn mọ́ abíyá. Ẹsẹ̀ mi ń jó nílẹ̀. Omi ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ pé kí n dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbé lé èjìká mi, kò sì gbé e kúrò. Pákó dé òkè. Mo kó kẹ́ẹ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo sáré kó ìyókù, àkókò ṣì kù díẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ìkẹyìn ṣí.

Yàrá wa ni. Fèrèsé wa, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ya. Àpótí ìjókòó méjì wà níwájú kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin kan tí irun rẹ̀ nà sókè bíi tèmi jókòó sórí ọ̀kan. Èkejì ṣófo. Lókè òrùlé, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan wà tó ti ń kúrò nínú àwòrán. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: MO Ń LỌ. MÁ SỌ FÚN ẸNIKẸ́NI.

Súwẹ́tà. Ata. Ẹja dídín. Baṣọ̀run. Gbogbo rẹ̀ já lù mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ilé wa, a kì í sọ ìrìn-àjò síta kí ẹsẹ̀ arìnrìn-àjò tó kúrò nílẹ̀, nítorí ayé. Tí wọ́n bá sì sọ fún mi, Agbowó ni wọ́n sọ fún. Ó sì ní àwòrán yìí ni òun kọ́kọ́ yà. Láti ìgbà ọyẹ́ ló ti ń jókòó ti nọ́ńbà. Láti ìgbà ọyẹ́ ló ti mọ̀.

Mo yíjú sí i. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Màmá mú mi búra," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Wọ́n ní kò gbọdọ̀ tẹnu mi jáde. Kò kúkú tẹnu mi jáde."

A gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá wa lórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n mi pa kọ̀ǹpútà.

"Ṣé ẹ ti ṣe tán?" ni ìyá mi bi wá. "Kí lẹ rí?"

"Ilé kan ni, mà," ni mo dáhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo bá a gbé kọ̀ǹpútà sínú takisí. Àpò ńlá kan ti wà nínú búùtù, wọ́n fi aṣọ bò ó, mi ò sì wo ibẹ̀. Ìyá ìsàlẹ̀ jáde, ó bi mí pé níbo ni ẹ̀gbọ́n mi ń lọ ní kùtù báyìí. Ó rọra dúró de ìdáhùn mi, torí ó mọ̀ mí. Mo ní, "Baṣọ̀run ni, mà." Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ. Ó ní, "Ó dàbọ̀," bí ẹni tó ń lọ ra búrẹ́dì. Èmi náà ní ó dàbọ̀. Mi ò lè dì mọ́ ọn, nítorí pé ta ló ń dì mọ́ ẹni tó ń lọ sí Baṣọ̀run?

Ọjọ́ kẹta ni ìyá mi pè mí sínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí n jókòó, mo sì jókòó. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ti dé òkè-òkun láyọ̀, pé ó ti pe òun lórí fóònù níbi iṣẹ́ òun, pé òtútù ń mú un, ṣùgbọ́n ó ń jẹun. Mo bú sẹ́kún. Gbogbo èyí tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ló tú jáde, ìyá mi sì gbà pé ìròyìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi. Ó fà mí mọ́ra.

"Má bínú, ọmọ mi," ló wí. "Ṣé o mọ ẹnu rẹ. Ká ní a sọ fún ọ ni, gbogbo Agbowó ì bá ti gbọ́."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."