Pálọ̀ Tí Pósí Ò Lè Wọ̀

Òórùn sìmẹ́ńtì tútù ṣì máa ń gbé mi padà sórí ilẹ̀ wa ní Ayétòrò, lọ́nà Ọjà-Ọ̀dàn, níbi tí ilẹ̀ pupa ti máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Tíṣà ni èmi àti ọkọ mi. Nígbà tí ojú wa ṣì ga, a fi ìpìlẹ̀ ilé ńlá lélẹ̀ níbẹ̀, koríko sì bò ó títí ewúrẹ́ àdúgbò fi sọ ọ́ di tiwọn. Nígbà tó yá, mo ní ká gbàgbé ilé ńlá, ká kọ́ yàrá méjì àti pálọ̀ kékeré sí igun kan, ká lè rọra máa jẹun.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí oúnjẹ nìkan. Màmá mi nìkan ló ń gbé ilé bàbá mi ní Ìláró, nínú ọ̀pọ̀ yàrá tí a ti tì pa. Ó ti ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé rí, kò sẹ́ni tó gbọ́, àfìgbà tí aládùúgbò wá tọrọ iyọ̀. Látìgbà náà, bí fóònù bá dún ní kíláàsì, àyà mi á já. Ilé kékeré nìkan la lè tètè parí kí n lè mú un wá sọ́dọ̀.

Màmá wá wo ilé náà nígbà tí ògiri dé orúnkún. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá kọjú sí bíríkìlà tó ń mọ ògiri.

“Bíríkìlà, ibo ni pósí máa gbà wọlé?”

Lọ́dọ̀ wa, pálọ̀ ọmọ ni wọ́n ti ń tẹ́ ìyá àgbà sí, kí èrò lè wọlé wá wò ó.

“Màmá, ẹ ò tíì kú.”

“Ṣé n ò ní kú ni? Kí wọ́n wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?”

Ó wọ mọ́tò padà sí Ìláró, kò dágbére. Mi ò rójú jókòó mọ́. Màá ní kí bíríkìlà ti ògiri síta kí pósí lè ráyè, bí ilẹ̀ bá mọ́, màá ní kó dá a padà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ògiri yìí jókòó,” ló wí.

Ọkọ mi ní ilé tó ń rìn là ń kọ́. Mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mo lọ bá Màmá ní Ìláró níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

“Màmá, tí mo bá kọ́ pálọ̀ tí pósí máa wọ̀, ó máa pẹ́ kó tó parí, ẹ lè má bá a láyé. Ilé tí ẹ máa gbé ni mo ń kọ́.”

Ó gbé ẹ̀wà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“O ò bá ti tètè sọ pé èmi lò ń kọ́lé fún.”

Nígbà tí ilé parí, ó kó wá, yàrá tó kọjú sí títì ló mú. Ó ti ń sọ fún àlejò báyìí pé ìta ni kí wọ́n tẹ́ òun sí, atẹ́gùn wà níbẹ̀.

Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé ìnáwó la fẹ́ dín kù. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló bà mí jù, pé ìyá mi á kú síbi tí mi ò ti ní gbọ́. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀, torí ọjọ́ ogbó ti dé sí Màmá. Ṣùgbọ́n bí àyà mi bá já báyìí, ilẹ̀kùn kan péré ni màá ṣí.