Ọjọ́ Tí Wọ́n Dárò Pàpá Mi Lórí Pápá Tẹ́nìsì

Òórùn ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí a fomi pò ni mo fi ń rántí tẹ́nìsì. Láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó yọ lẹ́yìn àwọn òkè Atakpamé ní Tógò, Pàpá á ti wà lórí pápá oníṣìmẹ́ǹtì ẹ̀yìn ilé wa, á máa fi ìyẹ̀fun Màmá fa ìlà funfun, nítorí kò rí ẹfun rà. Bí ìlà náà kò bá tètè gbẹ, ewúrẹ́ á lá a tán, àwọn akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ Pàpá á sì máa jiyàn dìrọ̀lẹ́ lórí ibi tí pápá parí sí. Màmá a máa sọ pé, "Ẹni tí ebi kò pa ló ń fi oúnjẹ kun ilẹ̀."

Èmi ní tèmi, pátákó ilẹ̀kùn àtijọ́ tí Pàpá gé fún mi ni mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù, àtẹ́lẹwọ́ mi a sì máa bó. Nígbà tí a wá gbọ́ pé ọ̀gá tẹ́nìsì kan ń kó àwọn ọ̀dọ́ agbátẹ́nìsì méjì bọ̀ láti Lomé, àti pé bí ìlú wa bá wù ú, yóò fi rakẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún àwa ọmọdé, ara mi kò balẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ rakẹ́ẹ̀tì ju aṣọ ọdún Nọ̀ẹ́lì lọ.

Pàpá ní ohun kan ṣoṣo ló lè bà á jẹ́ fún wa: ẹnu wa. Ó ti wo tẹ́nìsì nínú tẹlifíṣọ̀n, ó sì rí i pé àwọn òǹwòran kì í sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́, ó ń kó àdúgbò jọ sórí bẹ́ǹṣì ìjọ, ó ń kọ́ wa ní dídákẹ́. Òun á ṣe bí ẹni ń gbá bọ́ọ̀lù tí kò sí, àwa á yí orí sọ́tùn-ún, a ó tún yí i sósì. Ẹni tó bá wúkọ́, ilé ló ń lọ. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́" ni orin rẹ̀. Bàbá àgbà kan tí ikọ́ ń dà láàmú kò rí ìparí ẹ̀kọ́ kankan.

Nígbà tí ọjọ́ pé, a na tapólì tí wọ́n fi ń ṣe òkú ládùúgbò, a wọ aṣọ ìsìn, a sì jókòó ní ìlà-ìlà. Àga Pàpá ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, nítorí òun ni adájọ́, orí àkàbà gíga ló sì wà. "Sìláǹsì, sìlífúplẹ̀," ló fi Faransé ní ká dákẹ́, gbogbo wa sì pa lọ́lọ́, àwọn ọ̀dọ́ méjì láti Lomé sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù.

Ìgbà náà ni ìyá Pàpá dé láti abúlé rẹ̀ ní Moretan, tòun ti agbọ̀n iṣu lórí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ tẹ́nìsì fún un. Ohun tó rí ni tapólì òkú, àti àwọn ènìyàn tí wọn kò sọ̀rọ̀, tí gbogbo wọn ń mi orí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí ọ̀ràn kọjá agbára rẹ̀. Ó rí Màmá. Ó rí àga tó ṣófo. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o," ló kí wa.

Lọ́dọ̀ wa, àgbà kì í kíni ká má dáhùn. Ohùn obìnrin kan kọ́kọ́ jáde jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà gbogbo bẹ́ǹṣì gbè é: "Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi irú ẹ̀ gbà á."

Ó wá dá a lójú wàyí. Ó bi Màmá pé, "Ọmọ mi dà?" Bọ́ọ̀lù ṣì ń lọ, ó ń bọ̀. Màmá bẹ̀rù òfin ọkọ rẹ̀, ó kàn fi ìka lé ètè, ó sì ń mi orí lọ.

Ìyá àgbà ká ọwọ́ lérí, ó ń dárò. Ó pe Pàpá ní ọmọ tí kì í jẹ ẹran àwo rẹ̀ láìkọ́kọ́ bù fún òun, ọmọ tó pọ̀n òun lẹ́yìn lọ sílé ìwòsàn nígbà tí odò kún. Àwọn obìnrin bá a sunkún, nítorí a kì í jẹ́ kí ọlọ́fọ̀ dá ẹkún sun. Èmi náà ń sunkún, ṣùgbọ́n rakẹ́ẹ̀tì mi ni mò ń sunkún ní tèmi. Àwọn agbátẹ́nìsì dúró. Ọ̀gá Lomé ṣí fìlà, ó nu ojú, ó sì gbé àpò rakẹ́ẹ̀tì síwájú Màmá, nítorí kò fẹ́ kí ilé ọ̀fọ̀ bá òun lọ́wọ́ òfo.

Lórí àkàbà, Pàpá ń gbọ́ ọ̀fọ̀ ara rẹ̀. Ó gbàgbé ẹni tó ń borí. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, omijé ti bo ojú rẹ̀. "Ìyá mi, èmi rèé," ló wí. Ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó gbá a létí, ó sì dì mọ́ ọn. Nígbà tí a bi ìyá àgbà bóyá kò gbójú sókè ni, ó ní, "Ta ní ń wá òkú lórí àkàbà?"

Ọ̀gá Lomé na ọwọ́ sí àpò rakẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Màmá sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ẹ̀bùn ọ̀fọ̀ kì í padà sílé. Mi ò gbọ́ òfin yẹn rí títí di ọjọ́ náà. Bí tẹ́nìsì ṣe fìdí múlẹ̀ nílùú wa nìyẹn.

Lónìí, àwọn ọmọ tó ń gbá tẹ́nìsì ní Atakpamé ti pọ̀ ju àwọn tí mo lè mọ orúkọ wọn lọ, ọmọbìnrin mi sì wà lára wọn. Ọmọdé tí mo jẹ́ nígbà náà lè jókòó bí òkúta nítorí rakẹ́ẹ̀tì. Àgbà tí mo dà kò lè ṣe é. Pàpá ti kú ní tòótọ́ báyìí, inú mi sì dùn pé ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Nítorí náà, mo máa ń pariwo orúkọ ọmọ mi, ì báà borí, ì báà pàdánù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, adájọ́ ní kí n jáde. Mo jáde. Ògiri pápá náà kò ga ju ohùn mi lọ.