Oorun Tí Kádì Kò Sanwó Rẹ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò kẹ́yìn pọ̀, ìyàwó mi ní kí n bá òun gé èékánná ẹsẹ̀ òun. Ó jókòó sórí àga onítìmùtìmù nínú pálọ̀ wa ní Erunmu, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orúnkún mi. Mo gé ìyẹn tán. Mo wo aago ọwọ́ mi, mo ní màá gé ti òsì bí mo bá dé, torí mo fẹ́ tètè dé ilé-ìwòsàn Ìrókò kí èrò tó pọ̀ níbẹ̀.

"Tíṣà, ẹsẹ̀ kan ni kí n máa fi ṣoge títí ẹ ó fi dé?"

Ohun tó máa ń pè mí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí òun sì ń rán yunifọ́ọ̀mù wọn. Mo rẹ́rìn-ín, mo mú fáìlì mi, mo jáde.

Ohun tí mo ń wá lọ sí Ìrókò kò ṣòro láti ṣàlàyé. Jẹjẹrẹ ọmú ti wọ inú eegun rẹ̀. Àwọn dókítà ti sọ fún wa pé kò sí ohun tó kù ju pé kí a máa fi oògùn dẹ ìrora náà. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí oorun kun ènìyàn, oorun gan-an sì ni ìyàwó mi ń bẹ̀rù. Ó gbà pé bí òun bá ti di ojú, òun kò ní là á mọ́. Nítorí náà, kì í fẹ́ lo oògùn. Á jókòó, á di apá àga mú, òógùn á máa bọ́ lójú rẹ̀, á wá máa bi mí ní oríṣiríṣi ìbéèrè kí oorun má baà gbé e lọ.

Dókítà obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ló sọ fún wa nípa ọkùnrin kan, onímọ̀ nípa ọkàn, ní ilé-ìwòsàn ńlá kan nílùú Ìbàdàn. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu ni ọkùnrin náà fi ń ṣètọ́jú. Á rọra máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀ títí ara rẹ̀ á fi dẹ̀, tí yóò wà ní ipò kan tó jọ oorun àmọ́ tí kì í ṣe oorun, ẹ̀rù á sì fúyẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Yunifásítì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, Àlàájà, tó ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa nítorí àìsàn náà, pariwo.

"Kí ẹnìkan máa sọ̀rọ̀ síni létí títí èèyàn á fi sùn? Ṣé gbájúẹ̀ kọ́ nìyẹn? Bí wọ́n ṣe gba góòlù ọrùn mi ní Gbági nìyẹn o!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò gbà á. Ẹ̀yin lẹ bọ́ ọ fún wọn, ẹ tún kí wọn pé wọ́n ṣeun." Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti fọwọ́ di ìhà rẹ̀ mú.

A lọ. Ọkùnrin náà ní ká fi ti àkọ́kọ́ yẹn dánra wò ná. Ó bi í pé níbo ni ọkàn rẹ̀ ti máa ń balẹ̀ jù. Ìyàwó mi ní abà bàbá òun ni, lọ́nà Ìjàyè, bí òjò bá ń rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè lọ sóko. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òjò. Kò pariwo, kò kánjú. Mo jókòó ní igun yàrá, mò ń wo ọwọ́ ìyàwó mi. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti ń di ìkúùkù. Ọwọ́ náà là lórí itan rẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn ó lo oògùn rẹ̀ láìjanpata. Ó sùn lẹ́yìn ìrun Àìlà, kò jí títí Alásàrí. Nígbà tó lajú, ó wò mí bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé.

"Tíṣà, mo lọ, mo sì padà."

Ọkùnrin náà ní yóò gbà á ní ìgbà mélòó kan sí i kí ìyàwó mi tó lè máa ṣe é fúnra rẹ̀. Ọmọ wa ọkùnrin ní òun á san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èmi ni mo ní rárá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi yọ owó adójútòfò ìlera lára owó oṣù mi, kádì wa sì wà. Mo ní kí a kọ́kọ́ béèrè. Ní ọ́fíìsì wọn ní ìgboro, wọ́n ní irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n bí ilé-ìwòsàn tí a ti forúkọ sílẹ̀ bá kọ̀wé, àwọn á gbé e yẹ̀ wò. Ìrókò ni a ti forúkọ sílẹ̀, nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n bá wa kọ̀wé. A ń retí èsì.

Bí a ṣe ń retí, ìyàwó mi padà sí dídi apá àga mú. Ọmọ wa pè lórí fóònù.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n san án ná, ká máa wá rojọ́ tó bá yá."

"Ẹ̀tọ́ ìyá rẹ ni," ni mo wí.

Ìyàwó mi gbọ́ láti ibi tó jókòó sí. "Ẹ̀tọ́ mi ni lóòótọ́. Àmọ́ Tíṣà, n ò rán yín ní ẹ̀tọ́. Oorun ni mo ní kí ẹ bá mi wá."

Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó sọ ọ́. Mo rò pé àwàdà ni.

Ní Ìrókò lọ́jọ́ náà, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú fáìlì rí mi. "Bàbá, ẹ kú ìdúró. Ìwé yín ti dé." Gbólóhùn mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀. Ìtọ́jú tí a béèrè kò sí lára èyí tí wọ́n ń sanwó rẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ kan tó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì bi mí pé irú ìtọ́jú wo ni. Mo ṣàlàyé fún un.

"Wọ́n ń sanwó kí wọ́n tó sùn? Èmi tí mo máa ń sùn sórí ebè, ta ló fẹ́ san tèmi?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ká ìwé náà, mo mú fóònù jáde láti sọ fún ọmọ wa pé kó san owó náà. Kí n tó tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ìpè Àlàájà wọlé.

"Ẹ máa bọ̀," ló wí. "Ẹ rọra máa bọ̀."

Ká ní ó ní kí n yára ni, ì bá sàn.

Láti Ìrókò sí Mọ́níyà, sí Ọ̀jọ́ọ̀, sí Ìwó Road, sí Erunmu. Nígbà tí mo dé, àwọn obìnrin ti ń gbé omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ̀ ẹ́. Mo bi Àlàájà bóyá ó sùn kó tó lọ. Ó ní rárá, orí àga náà ló wà, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. N kò sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ òsì fún ẹnikẹ́ni. A sin ín kí Mọ̀gàríbì tó tó.

Bí ẹnìkan bá bi mí lónìí bóyá adójútòfò ìlera máa ń san owó irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ìdáhùn mi kò gùn: wọn kò san tiwa. Mo rò pé ó yẹ kí wọ́n san án. Ṣùgbọ́n n kò lè bá wọn jà. Ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n ṣe. Èmi tí mo rí ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó là, ìwé náà ni èmi náà ń tẹ̀ lé kiri.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ọmọ wa ní òun á bá mi yọ orúkọ ìyá òun kúrò lórí kádì, pé kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu. Mo ní kó fi í sílẹ̀. N kò tíì dá ohunkóhun ṣe láti ọjọ́ náà: Àlàájà ló ń se oúnjẹ, àwọn ọmọ ló ń dá àlejò lóhùn. Èmi nìkan wọkọ̀ lọ sí Ìrókò. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú fáìlì fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó fẹ́ gba bíírò lọ́wọ́ mi.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ ọ́."

Mo ní màá kọ ọ́. Mo kọ orúkọ rẹ̀, mo kọ ọjọ́ náà. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìdí tí a fi fẹ́ yọ ọ́ kúrò, mo kọ ọ́ pé ó ti kú. Mo buwọ́ lù ú, mo fà á lé e lọ́wọ́, mo sì jáde lọ wá ọkọ̀ Mọ́níyà.