Bàbá Tó Ń Rántí Láti Ẹ̀yìn Wá

Mọ́sálásí ni Bàbá Àlàó ti ń bọ̀ tí wọ́n fi ṣìnà. Létí èbúté Tin Can, láàárín àwọn ọkọ̀ àjàgbé, ni Lékan ọmọ wọn ti rí wọn níbi tí wọ́n ti ń bèèrè àwọn ará ibi iṣẹ́ wọn àtijọ́. Lékan ní bí wọ́n bá tún sọnù lẹ́ẹ̀kan sí i, Ìsẹ́yìn, ìlú wọn, ni òun máa mú wọn lọ. Bàbá bú sẹ́kún. Àádọ́ta ọdún ni wọ́n ti lò ní Ajégúnlẹ̀. Ta ló tún mọ̀ wọ́n ní Ìsẹ́yìn?

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ní yàrá kan nítòsí Boundary, ní Ajégúnlẹ̀ níbí, mo máa ń kọ́ àwọn àgbà tí ìrántí wọn ti ń jò díẹ̀díẹ̀. Wọn ò tíì ṣarán o. Wọ́n kàn lè gbé omi kaná kí wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni. Màá fi àwòrán nǹkan mẹ́rin hàn wọ́n, màá kó o pamọ́, wọ́n á sì dárúkọ wọn bó ṣe tẹ̀ léra.

Òdo ni Bàbá Àlàó máa ń gbà. Bí mo bá fi abẹ̀bẹ̀, kọ́kọ́rọ́, ife àti bàtà hàn wọ́n, wọ́n á ní, "Bàtà, ife, kọ́kọ́rọ́, abẹ̀bẹ̀."

Lọ́jọ́ kan mo ní, "Bàbá, ẹ tún ti ṣì í."

"Èmi kọ́ ni mo ṣì í. Ìwọ ni o ò mọ bí wọ́n ṣe ń já ẹrù."

Olórí àwọn tó ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀ ní èbúté Àpápá. Wọ́n ní, "Ẹrù tó wọlé gbẹ̀yìn ló wà lókè, òun náà lo máa kọ́kọ́ gbé jáde. Àbí abẹ́ lo ti fẹ́ fà á yọ, kí ìyókù wó lù ẹ́?"

Ojú tì mí. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo ti ń fún ẹni tó rántí ohun gbogbo ní òdo! Ìwé ni mo gbájú mọ́, mi ò wo ẹni tó jókòó níwájú mi.

Ọgbọ́n kan wá sọ sí mi lọ́kàn. Ohun téèyàn rí gbẹ̀yìn nígbà tó ń lọ ló máa kọ́kọ́ rí nígbà tó bá ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èmi àti Bàbá fi rìn láti ilé wọn wá sí kíláàsì, tí wọ́n ń "kó ẹrù" lójú ọ̀nà: ẹ̀rọ omi, ìsọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ibi tí kẹ̀kẹ́ ń dúró sí.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Bàbá dá lọ sílé. Èmi àti Lékan ń yọ́ tẹ̀ lé wọn. Wọ́n kọjá ibi tí kẹ̀kẹ́ ń dúró sí, àmọ́ aránṣọ ò ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Bàbá dúró.

Lékan ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí n lọ mú wọn."

Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú. Oníkẹ̀kẹ́ kan pariwo, "Baba, enter na! Where you dey go?"

"Leave me jàre," ni Bàbá dáhùn. "I dey offload."

Wọ́n yẹ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà wò, wọ́n mi orí, wọ́n sì kọrí sọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà. Láti ibẹ̀, wọ́n gba ìdí ẹ̀rọ omi, wọ́n sì délé.

Lékan dọ̀bálẹ̀. "Ẹ máà bínú, Bàbá. Ẹ ò lọ síbì kankan mọ́."

Bàbá jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n wá yíjú sí mi. "Ọmọ dáadáa ni ọ́. Kí lorúkọ ẹ ná?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. "Bísí ni, sà."

Wọ́n tún bi mí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣì ń bi mí dòní, inú mi sì máa ń dùn láti dáhùn, torí Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń bèèrè rẹ̀.