Ẹsẹ̀ Tí Àǹtí Téèpù Wọ̀n

Àǹtí Téèpù kú ní Ọjọ́bọ̀, ó ku ọ̀tunla kí n ṣègbéyàwó. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé aṣọ ìgbéyàwó mi wá nínú ọ̀rá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Àǹtí ńkọ́?" Ó ní, "Ó ń sinmi." Ó sì kọjú sí ògiri. Inú mi ń dùn débi pé n kò wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ilé ti gbọ́, wọ́n fi pamọ́ fún ìyàwó. Mo wọ aṣọ òkú, mo jó títí bàtà fi bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Ọjọ́ Ajé ni ìyá mi tó jókòó tì mí, tó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó rán aṣọ yẹn fún ọ..."

Ìgbéyàwó mi pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún lónìí. N kò ní purọ́, inú mi ṣì ń dùn. Mo máa ń jí ṣáájú ọkọ mi kí n lè máa wo bó ṣe ń sùn. Mo máa ń dá rẹ́rìn-ín nídìí ìkòkò. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù báyìí, aṣọ funfun yẹn á máa wò mí. Ìṣẹ́tí rẹ̀ láti iwájú yípo dé ẹ̀yìn, ọwọ́ ni Àǹtí fi rán an, kì í ṣe maṣíìnì. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Àǹtí Téèpù là ń pè é nítorí pé téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta ọ̀dà. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé, ogún ọdún ló sì fi tẹ̀ ẹ́. Bí oníbàárà bá ní òun ti rù, á fi téèpù yí i nídìí, á ní, "Ẹnu lè purọ́, ìyá mi. Téèpù kì í ṣojúsàájú." Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Ọdún kọkànlá rèé nílé ọkọ, kò bímọ. Ọjọ́ tí ẹ̀rín rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, a ti mọ̀ pé ẹnì kan ti gbé aṣọ ìkókó wá fún un láti rán.

Lọ́dún yìí, òun àti ọkọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn àwọn tó ń wá ọmọ. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ kí ẹyin rẹ̀ lè pọ̀, wọ́n kó ẹyin náà, wọ́n pò ó mọ́ àtọ̀ ọkọ rẹ̀, wọ́n sì dá ọlẹ̀ padà sínú ilé ọmọ rẹ̀. Irú abẹ́rẹ́ yẹn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ fẹ́ máa dì nínú iṣan. Ta ló sọ fún un? Nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, àyè wà tí wọ́n ti bèèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dì lára ẹnikẹ́ni rí nínú ìdílé. Ẹ̀jẹ̀ dì lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì wú nígbà tó bí àbígbẹ̀yìn, díẹ̀ ló kù kó bá a lọ. Gbogbo ẹbí ló mọ̀. Ọkọ rẹ̀ rí fọ́ọ̀mù náà: ẹnì kan ti fa ìlà gbọọrọ kọjá àyè yẹn. Ẹnikẹ́ni kò bi í.

Ó wá kan àwa tá a fẹ́ràn rẹ̀. A ní kó má tẹ maṣíìnì mọ́, kí ọmọ má bàa já bọ́, bí ẹni pé bọ́tìnnì ni ọmọ. Ọkọ rẹ̀ pe ilé ìwòsàn, wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, kó ṣáà sinmi." Ẹsẹ̀ tó ti ń tẹ maṣíìnì fún ogún ọdún dákẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Orí bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí tó ń fi ọwọ́ rán ìṣẹ́tí mi. Nígbà tí mo lọ wò ó, mo yọ sálúbàtà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé e sókè kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní, "Àǹtí, ẹ ò rìn lọ síbì kankan o!" Ó ní, "Ìyàwó tuntun, o ti di wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n!" A jọ rẹ́rìn-ín. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn títí di ìsinsìnyí.

Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kí ni télọ̀ á ṣe? Ó wọ̀n ọ́n. Ìwé tó ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Lẹ́yìn ojú ewé tèmi, ó kọ ọ́ pé: "Abẹ́ orúnkún. Ọ̀tún, mẹ́tàlá àbọ̀. Òsì, mẹ́rìnlá." Lọ́jọ́ kejì: "Òsì, mẹ́rìnlá àbọ̀. Ó gbóná." Lọ́jọ́ kẹta: "Òsì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àbọ̀." Ọ̀tún kò yí padà. Ínṣì méjì gbáko!

Ó gbé ìwé náà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó mi. Nọ́ọ̀sì ìdí tábìlì ní, "Àǹtí, aṣọ wo lẹ fẹ́ rán fún ẹsẹ̀?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì tún ní, "Ṣé ẹ fẹ́ lóyún kí ẹsẹ̀ yín ṣì rí bíi ti ọmọge ni? Àmì ayọ̀ ni. Ẹ lọ gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí." Dókítà kò yọjú. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Yàrá yìí ò ní afẹ́fẹ́. Bá mi ṣí fèrèsé." Fèrèsé ti wà ní ṣíṣí. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lẹ́sẹ̀ ti gbéra, ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró.

Ilé ìwòsàn náà fi káàdì ránṣẹ́: "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe." Ṣé Ọlọ́run ló fa ìlà sí fọ́ọ̀mù? Ṣé Ọlọ́run ló jókòó nídìí tábìlì lọ́jọ́ Ajé? Àwòrán ìkókó kún ògiri yín. Ògiri wo lẹ lẹ àwòrán àwọn ìyá mọ́?

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má wá ọmọ. Wọ́n ti ń bi èmi náà pé kí ló dé tí inú mi ṣì pẹlẹbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún obìnrin kó tó gba abẹ́rẹ́: bí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ, tó ń dùn, tó ń gbóná, tàbí tí èémí kò bá délẹ̀, kó sáré wá, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ fún un kó máa rìn.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, èmi àti ọkọ rẹ̀ lọ síbẹ̀. A ní ká mọ ẹni tó fa ìlà náà, ká mọ ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà sílé, ká mọ ibi tí dókítà wà lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì kan náà ní, "Ọ̀gá ò sí nílé. Kí lẹ fẹ́ gan-an?" Ọkọ Àǹtí ṣí ìwé ìwọ̀n sí ojú ewé yẹn, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"A fẹ́ kí ẹ kà á."

Nọ́ọ̀sì wo ìwé, ó wo ilẹ̀, ó fa àga méjì sún mọ́ wa. "Ẹ jókòó ná."

A ò jókòó. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, a ó tún wà níbẹ̀, lórí ìdúró, títí wọn yóò fi kà á.