Ẹ̀jẹ́ Tíṣà Dánì

Òórùn páànù tó ti gbóná ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lánàá, kí n tó rí ohun tí ọmọ ọmọ mi ń ṣe. Ó sá bátìrì tọ́ọ̀ṣì sórí òrùlé ilé adìẹ wa ní Changli níbí, àdúgbò wa ní Tamale, kí agbára wọn lè padà. Mo ní, ta ló kọ́ ọ? Ó ní òun kàn mọ̀ ọ́n ni. Irọ́ ni o! Nínú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Bátìrì sísá la fi gbọ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nínú ilé yìí.

Ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì ni mò ń múra fún nígbà náà, ìṣirò sì ni ọ̀tá mi. Tíṣà Dánì, òyìnbó Amẹ́ríkà tó háyà yàrá lọ́wọ́ bàámi, ló jẹ́ kí n mọ̀ pé orí mi ò kú. Àmọ́ àsìkò tó fẹ́ lò ní Tamale ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, kò sì sí tíṣà ìṣirò mìíràn. Bó bá lọ, ìdánwò mi bá a lọ nìyẹn.

Tíṣà fẹ́ràn bọ́ọ̀lù kékeré kan tí wọ́n ń fi igi gbá nílùú wọn. Lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá: ẹgbẹ́ méjì á máa pàdé, èyí tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹta ló ń tẹ̀ síwájú. Níbi tó ti ń jẹ túwò lọ́dọ̀ wa, ó fi Haúsá rẹ̀ tó mẹ́hẹ sọ fún màámi pé bí wọ́n bá borí, òun á lo ọdún kan sí i. Ó rẹ́rìn-ín. Màámi ò rẹ́rìn-ín. Ta ní ń fi ẹ̀jẹ́ ṣeré?

Bí agboolé ṣe gba bọ́ọ̀lù tí a ò rí rí kanrí nìyẹn. Màámi gbé e lọ sí ìpàdé àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Sùbérù, aládùúgbò wa, fi máásà ṣe sàárà fún àwọn ọmọ kéwú. Èmi ni mò ń sá bátìrì rédíò Tíṣà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, rédíò á máa dún, a ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, ojú Tíṣà là ń wò. Bó bá fò sókè, Alihamudulilai àti Halelúyà á jọ bọ́ lẹ́nu wa.

Wọ́n borí lẹ́ẹ̀mejì, àwọn yẹn náà borí lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ ìparí, Tíṣà tẹ etí mọ́ rédíò títí, ó pa á, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo sunkún sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, màámi ti tẹ́ ẹní síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyá Sùbérù jókòó tì í, àwọn obìnrin agboolé ń dé, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ará fẹ́ra kù, bí a ṣe ń jókòó ti ọlọ́fọ̀ gẹ́lẹ́. Tíṣà ṣílẹ̀kùn, ẹ̀rù bà á. Ó bi wá ní Haúsá pé ta ló kú.

Màámi ní, “Bọ́ọ̀lù yín ni. Ẹ sì ń fi wá sílẹ̀ lọ.” Ó nàka sí èmi tí ojú mi ti wú.

Tíṣà rọra jókòó sórí ẹní láàárín àwọn ìyá yẹn. Ó ní eré lòun ń ṣe lọ́jọ́ náà. Pé nílùú àwọn, bí wọ́n bá na ẹgbẹ́ àwọn, ohun tí àwọn máa ń sọ ni pé ó di àmọ́dún.

“Àmín o!” ni màámi ké. “Ẹ̀mí wa á ṣe àmọ́dún!” Gbogbo ẹní ṣe àmín. Tíṣà wò wá lọ títí, ó bú sẹ́rìn-ín, òun náà ṣe àmín. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló lọ sọ fún ọ̀gá ilé ìwé pé òun ṣì wà.

Àmọ́dún dé, wọ́n tún na ẹgbẹ́ Tíṣà. Èmi ni mo borí: mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ìṣirò ni mo sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Màámi ti lọ, rédíò yẹn ti kú. Orí fóònù làwọn ọmọ ti ń wo bọ́ọ̀lù báyìí, bí mo bá sì sọ Yorùbá, Dagbani, èdè àwọn onílẹ̀ ibí, ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ó máa ń dùn mí.

Lánàá, ọmọ yẹn kó bátìrì rẹ̀ wọlé, ó tẹ tọ́ọ̀ṣì, kò tàn. Mo ní pẹ̀lẹ́. Ó wò mí, ó fi Yorùbá sọ pé, “Ìyá àgbà, oòrùn ọ̀la ńkọ́?”

Mo ní àmín.